Orúnkún Tó Ń Wú Láìṣubú

Orúnkún kan ṣoṣo ló wú, èkejì dá ṣáká. Ẹni tó ni ín kò ṣubú lórí ọ̀kadà, kò gbá bọ́ọ̀lù, ibà kò mú un, kò sì tíì pé ogójì ọdún. Ó wú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó rọlẹ̀, ó tún wú. Ní Lánlátẹ̀, bíi ti ìlú yòówù ní Ìbàràpá, làkúrègbé tàbí aromọléegun ni orúkọ tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àgbàlagbà bá wà níjòókòó, ó lè rántí sòbìà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí a ti mọ̀ ló máa bá a mu. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tó ṣọ̀wọ́n, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí kì í ràn, tó ń hù lára awọ inú oríkèé, tó sì lè fi ọ̀pọ̀ ọdún sá pamọ́ sábẹ́ orúkọ làkúrègbé. Pigmented villonodular synovitis ni àwọn dókítà ń pè é, wọ́n ń gé e kúrú sí PVNS. Orúkọ tuntun tí wọ́n ń lò báyìí ni tenosynovial giant cell tumour, ìyẹn TGCT. Ẹni tó bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì lórí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ.

Báwo ló ṣe ṣọ̀wọ́n tó? Ìṣirò kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1980, sọ pé nínú mílíọ̀nù kan èèyàn, kò tó ẹni méjì tó ń ní in lọ́dún, 1.8 ni wọ́n kọ. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ tiwa, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ìkànìyàn 2006 ka mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀ èèyàn níbẹ̀ yóò máa ní bí ẹni mẹ́wàá lọ́dún. Ìṣirò ilẹ̀ ibòmíràn kì í fi gbogbo ara bá ilẹ̀ wa mu, ṣùgbọ́n ó tó fi mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lè ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko títí yóò fi fẹ̀yìn tì, kó má rí ẹyọ kan tó mọ̀ ní PVNS. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń bínú sí ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní làkúrègbé. Èyí tó ń ká mi lára ni pé wọ́n lè pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún, ní ọdún kẹrin, láìbèèrè ìdí tí oògùn làkúrègbé kò fi ṣiṣẹ́.

Ìbàràpá sì yẹ kó mọ̀ ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ pé ohun tó wà nínú orúnkún wíwú lè yàtọ̀ sí ohun tí ojú rí. Ní Ìdèrè àti abúlé tó yí i ká, nígbà tí mímu omi inú adágún ṣì wọ́pọ̀, sòbìà ló ń dá àgbẹ̀ dúró sílé lásìkò iṣẹ́ oko. Aràn náà lè gùn tó mítà kan. Bó bá yọ nítòsí oríkèé, tàbí tó kú síbẹ̀, orúnkún á wú, á sì gan. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń wá kọ́ iṣẹ́ ìlera ìgbèríko ní Ìgbò-Ọrà láti 1963, wà lára àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ tí wọ́n sì bá a jà. Ní oṣù Kejìlá 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ọmọ ogún ọdún tí orúnkún rẹ̀ wú lónìí, ká wá nǹkan mìíràn fún un.

Ibi tí àrùn yìí ń gbé ló yẹ ká mọ̀ ná. Níbi tí eegun méjì ti pàdé, kerekere tó ń dán ló bo orí eegun kọ̀ọ̀kan, àpò kan sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Awọ fẹ́lẹ́ kan ló tẹ́ inú àpò yẹn. Awọ yìí ló ń sun omi díẹ̀ tó ń jẹ́ kí kerekere yọ̀ lórí ara wọn, omi yẹn náà ló sì ń bọ́ kerekere, torí kerekere kò ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Irú awọ bẹ́ẹ̀ tún wà nínú àpò tó wé mọ́ àwọn iṣan ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀.

Awọ yìí gan-an ni PVNS ń bá fínra. Á bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn, á yọ àwọn ìyọrí wínníwínní, á so kókó. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀, wọn kò sì lágbára, nítorí náà bí onítọ̀hún bá ti ń rìn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ń sun sínú oríkèé. Irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà kò rí ọ̀nà jáde. Ó ń tò sínú awọ náà títí awọ á fi pọ́n rúsúrúsú. Ẹ fi irin yìí sọ́kàn, nítorí òun ló máa tú àṣírí àrùn náà nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwòrán tí wọ́n ń pè ní MRI.

Oríṣi méjì ló wà, ìwòsàn wọn kò sì rí bákan náà rárá. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ kókó kan ṣoṣo tó dá dúró. Ìka ọwọ́ ló ti wọ́pọ̀ jù: kókó líle kékeré tí kì í dunni, tó ń tóbi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ẹni tó ń yan gàrí tàbí tó ń pa ẹ̀gúsí lè gbójú fò fún ọdún mẹ́ta. Oríṣi kejì kì í dá dúró síbì kan. Gbogbo awọ inú oríkèé ló ń bá lọ, níwájú àti lẹ́yìn. Orúnkún ló fẹ́ràn jù, lẹ́yìn náà ìbàdí àti ọrùn ẹsẹ̀; ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká kò wọ́pọ̀. Oríṣi kejì yìí ló ń dá oníṣẹ́ abẹ lágara.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó mọ ohun tó ń hù gan-an. Oníṣẹ́ abẹ ará Faransé kan, Chassaignac, ti kọ̀wé ní 1852 nípa irú kókó bẹ́ẹ̀ lára iṣan ìka ọwọ́. Ní 1941, Jaffe, Lichtenstein àti Sutro ní Amẹ́ríkà kó gbogbo oríṣi rẹ̀ sábẹ́ orúkọ PVNS. Èrò wọn ni pé nǹkan kan ló ń bí awọ náà nínú tó fi ń wú. Wọn kò kà á sí kókó tó hù fúnra rẹ̀. Ọdún 2006 ni ìwádìí kan láti Yunifásítì Stanford yí èrò yẹn padà. Wọ́n rí i pé nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó para pọ̀ di kókó náà, ìdá 2 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni jíìnì wọn yí padà. Ibi tí jíìnì náà já sí, tó sì tún so mọ́, mú kí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí máa tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní CSF1 jáde láìdáwọ́ dúró. CSF1 sì ni ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì agbàlẹ̀ ara, tí wọ́n ń jẹ́ macrophage, ń gbọ́ tí wọ́n fi ń wọ́ wá.

Bí òde ìnáwó ló rí. Olùnáwó kò ju ẹni mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ìlù ti dún, mọ̀gbọ́-mọ̀yà ti kún àgbàlá dé títì, kò sì sí ẹni tó mọ olówó òde mọ́. Kókó tí ọwọ́ ń bà nínú orúnkún, mọ̀gbọ́-mọ̀yà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn kókó tó ń hù, lábẹ́ orúkọ TGCT. Kókó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe jẹjẹrẹ: kì í tàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀dọ̀. Èyí tó di jẹjẹrẹ nínú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé ìròyìn ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àwọn dókítà ṣì ń kọ sílẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi sílẹ̀ kó máa ṣe tirẹ̀, torí bó bá pẹ́, á jẹ kerekere, á sì gbẹ́ ihò sínú eegun.

Ohun tí aláìsàn máa kíyè sí kì í fi bẹ́ẹ̀ yani lẹ́nu. Àárín ogún sí àádọ́ta ọdún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ní oríkèé kan ṣoṣo. Wíwú máa ń ju dídùn lọ, pàápàá níbẹ̀rẹ̀. Orúnkún á máa gbóná díẹ̀, kò ní fẹ́ ká dáadáa, nígbà mìíràn á há lójijì bí ẹni pé nǹkan kan kọ́ ọ. Ọmọbìnrin tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mọ́, wọ́n lè ní ìgbéraga ló ń ṣe é. Ọkùnrin tí kò lè dọ̀bálẹ̀ tàbí tí kò lè jókòó lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà ìrun, á kọ́kọ́ máa tọrọ àforíjì kó tó máa wá dókítà. Nítorí pé ó ń rọlẹ̀ láàárín, oògùn tí wọ́n lò kẹ́yìn kó tó rọlẹ̀ ló máa ń gba ìyìn, ìbáà jẹ́ àgbo, ìbáà jẹ́ hóró oògùn láti kẹ́míìsì.

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí fífi nǹkan gbígbóná ra orúnkún. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni mo lòdì sí. Sínsín gbẹ́rẹ́ lórí orúnkún tí omi wà nínú rẹ̀ lè gbé kòkòrò wọnú oríkèé, ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ á wá di oríkèé tó kún fún ọyún. Oògùn ìrora oríṣi ibuprofen tàbí diclofenac tí a ń jẹ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà lè dá ọgbẹ́ sínú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀kẹta ni abẹ́rẹ́ steroid tí wọ́n ń gún sí orúnkún kan náà léraléra láìmọ ohun tó wà níbẹ̀. Á rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, òótọ́ ni, ìdí tí kò fi sí ẹni tó ń ṣèwádìí mọ́ náà nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló wọ oríkèé yẹn, abẹ́rẹ́ náà yóò ràn án lọ́wọ́ ni.

Àyẹ̀wò tó rọrùn jù, tí owó rẹ̀ kéré jù, ni kí dókítà fi abẹ́rẹ́ tó mọ́ fa omi inú orúnkún, kó sì wo àwọ̀ rẹ̀. Omi oríkèé tó dára máa ń mọ́ gaara, ó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Nínú PVNS tó gba gbogbo oríkèé, omi náà sábà máa ń pọ́n rúsúrúsú tàbí kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ pátápátá, láìjẹ́ pé onítọ̀hún ṣubú. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Omi tó mọ́ kò ní ká dá àrùn yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n omi pupa tó jáde lẹ́ẹ̀mejì láìsí ìpalára gbọ́dọ̀ mú ẹni tó mú síríńjì lọ́wọ́ ronú. Ohun tí mo sì ń rọ aláìsàn ni kó ní kí wọ́n kọ àwọ̀ omi náà sínú ìwé tí wọ́n fún un, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fa omi dànù, tí kò sí àkọsílẹ̀, tí dókítà kejì fi ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Omi yẹn gan-an ni wọ́n máa fi wá àwọn àrùn tó wọ́pọ̀ ju PVNS lọ. Wọ́n á wò ó bóyá kòkòrò tó ń fa ọyún wà níbẹ̀, bóyá ti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, bóyá iyọ̀ wínníwínní tó ń fa gout ló ń gún awọ náà. Wọ́n á béèrè nípa ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó jẹ́ SS lè ní ìrora oríkèé, eegun ìbàdí rẹ̀ sì lè kú, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú PVNS. Ọmọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì máa ń sun ẹ̀jẹ̀ sínú orúnkún pẹ̀lú; nítorí náà ó yẹ kí ìyá rẹ̀ rántí bóyá ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ nígbà tí wọ́n dá abẹ́ fún un. Bí orúnkún méjèèjì bá ń wú, tí ọwọ́ méjèèjì náà ń wú, tí ara ń le gan-an láàárọ̀, àrùn oríkèé oríṣi mìíràn ni ká máa wá.

Èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò ní ká kúrò ní Ìbàràpá. Èrúwà kò jìnnà sí Lánlátẹ̀, ìtàn iṣẹ́ abẹ ibẹ̀ kò sì kéré. Dókítà Awójọbí, tó wá síbẹ̀ ní 1983, tó sì dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1986, fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n lè ka iye ẹ̀jẹ̀ ara láìsí iná mànàmáná. Ó ṣiṣẹ́ abẹ níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2015. Mo mẹ́nu kàn án torí àwọn kan gbà pé gbogbo àyẹ̀wò Ìbàdàn ni. Fífa omi orúnkún, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti X-ray, iṣẹ́ tòsí ni. MRI àti kíka ẹran ara lábẹ́ máíkírósíkóòpù ló ń gbéni gba Ìdó àti Ológùn-ẹrù lọ sí Ìbàdàn.

X-ray ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n eegun ló ń wò. Awọ fẹ́lẹ́ kì í hàn níbẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, X-ray orúnkún tó ní PVNS lè dára láìlábààwọ́n. Bó bá pẹ́, ihò lè hàn lára eegun méjèèjì tó pàdé, pàápàá ní ìbàdí tí ààyè kò sí, nígbà tí àlàfo kerekere ṣì wà bó ṣe yẹ. Ẹni tí X-ray rẹ̀ dára, tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń wú, kì í ṣe X-ray kejì àti ìkẹta ló kù fún un. Kó máa tọ́jú owó yẹn fún MRI.

Òòfà ńlá ni MRI. Irin tó ti tò sínú awọ aláìsàn náà ń da iṣẹ́ òòfà yẹn rú, nítorí náà ibi tí PVNS wà máa ń dúdú nínú oríṣi àwòrán méjèèjì tí wọ́n sábà ń yà. Oríṣi kẹta kan wà, gradient echo, níbi tí dúdú náà ti máa ń tàn ju bí kókó ṣe tóbi lọ. Bí dókítà tó kọ ìwé MRI bá ti kọ PVNS sí i gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń fura sí, ẹni tó ń yàwòrán á mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ ya gradient echo. Bí kò bá kọ ọ́, wọ́n lè fò ó. MRI tún ń sọ bí kókó náà ṣe gbòòrò tó, bóyá ó ti dé ẹ̀yìn orúnkún, bóyá ó ti wọ eegun. Láìsí èyí, iṣẹ́ abẹ á di ìwákúwàá. Kí ọdẹ tí ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀, tàbí wẹ́dà tí irin ti fò sí lójú rí, sọ fún wọn kó tó wọ yàrá òòfà náà. Kí aláìsàn sì gba àwòrán náà sórí CD, kó má fi ìwé àlàyé nìkan lọ sílé.

Àwòrán máa ń jẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dánilójú. Ohun tó ń parí ọ̀rọ̀ ni ẹran ara. Wọ́n á gé díẹ̀ nínú awọ náà, dókítà tó ń ka ẹran ara á sì wá sẹ́ẹ̀lì ńláńlá tí ọ̀pọ̀ kóró (nucleus) wà nínú ẹyọ kan, sẹ́ẹ̀lì agbàlẹ̀ tí ọ̀rá kún inú wọn, àti irin pupa rúsúrúsú náà. Ibí yìí ni ìrìn àjò láti ìgbèríko ti lè ba iṣẹ́ jẹ́. Inú formalin ni ẹran ara gbọ́dọ̀ wà, nínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀, kí formalin náà pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Omi lásán á jẹ́ kó jẹrà, spírítì kò sì tó. Bí wọ́n bá ń fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ, díẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ lọ́tọ̀ láìsí formalin, torí formalin ń pa kòkòrò tí wọ́n fẹ́ hù. Ìwé tó bá a lọ gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ orí, oríkèé tó jẹ́, àwọ̀ omi tí wọ́n fà, àti ohun tí MRI rí. Ẹni tó ń wo ègé kékeré láìmọ ìtàn rẹ̀ lè ṣì í pè. Ohun kan tún wà tí mo kà sí pàtàkì: bí àwòrán bá mú ìfura jẹjẹrẹ wá, kí ẹnikẹ́ni má kàn gé e wò. Oníṣẹ́ abẹ tó máa ṣe iṣẹ́ gan-an ló yẹ kó yan ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà wọlé.

Ìwòsàn kókó kan ṣoṣo kò le. Wọ́n á yọ ọ́ tán, ọ̀pọ̀ ló sì ń parí síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìka ọwọ́ lè tún hù. Ti oríṣi tó gba gbogbo oríkèé ló gba sùúrù. Wọ́n gbọ́dọ̀ bó gbogbo awọ náà kúrò. Wọ́n lè gba ihò kéékèèké wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà, tàbí kí wọ́n ṣí orúnkún. Ẹ̀yìn orúnkún ni ìṣòro wà, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ńlá àti iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí ẹsẹ̀ gbà kọjá. Oníṣẹ́ abẹ kan lè mọ iwájú ṣe dáadáa kó má fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé: ṣé wọ́n á dé ẹ̀yìn? Àkójọ kan tó jáde ní 2019, láti àwọn ilé ìwòsàn tó mọ̀ nípa irú kókó bẹ́ẹ̀ jù, wo aláìsàn tó lé ní 900 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí oríṣi kejì yìí. Ó tún padà fún 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ àwọn ọ̀gá nìyẹn o. Nítorí náà ẹni tó bá ṣèlérí pé òun á yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní padà mọ́ láé, kò sọ òótọ́ fún aláìsàn.

Èyí ló tún fi jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ kì í ṣe dandan fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí àrùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, tí MRI rẹ̀ fi hàn pé kò jẹ eegun, òun àti dókítà lè fẹnu kò láti máa ṣọ́ ọ. Fún èyí tó ń padà léraléra, àwọn ibì kan ń fi ìtànṣán kún un, yálà láti ìta tàbí èròjà onítànṣán tí wọ́n ń fi sínú oríkèé, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀dọ́ torí ìtànṣán lè fa jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Bí kerekere bá ti jẹ tán, orúnkún tàbí ìbàdí àtọwọ́dá ló kù.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, orúnkún fẹ́ gan. Físíò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè tó oṣù mẹ́ta. Ará Lánlátẹ̀ tó bá padà sílé lọ́jọ́ kẹrin, tí kò sí ẹni tó ń bá a ká ẹsẹ̀, lè bọ́ lọ́wọ́ kókó kó má lè ká orúnkún mọ́. Kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni kó ti mọ ilé ẹbí tó máa gbé ní Ìbàdàn, tàbí ẹni tí yóò kọ́ ní eré ìdárayá náà kí wọ́n jọ máa ṣe é nílé.

Oògùn pẹ̀lú ti wà fún àrùn yìí, ó sì bọ́gbọ́n mu bí a bá rántí ìlù òde yẹn. Kò pa olùnáwó. Ó ń di etí àwọn tó ń gbọ́ ìlù. Àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìyànjú ni imatinib, oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Nínú aláìsàn 27 tí ìwádìí kan ní 2012 ṣírò, kókó sún kì fún márùn-ún, ti ọ̀pọ̀ nínú ìyókù kò sì dàgbà sí i. Imatinib kò ṣàjèjì lọ́dọ̀ wa: ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń lò ó fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ láti 2003, ìyẹn fún àrùn tí wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe fún PVNS. Èyí tí wọ́n dìídì fọwọ́ sí fún TGCT ni pexidartinib, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹjọ 2019. Nínú ìdánwò rẹ̀ tí ẹni 120 wà, kókó sún kì láàárín oṣù mẹ́fà fún 39 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó, kò sì sún kì fún ẹyọ kan nínú àwọn tó lo oògùn aláìnínǹkan. Àmọ́ ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ gidigidi. Nítorí ìyẹn, wọ́n fi ìkìlọ̀ tó le jù sára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Yúróòpù sì kọ̀ ọ́ ní 2020. Ó tún ń sọ irun di funfun, ìyẹn kò pani. Ní oṣù Kejì 2025, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí vimseltinib, kápúsù tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kókó sún kì fún 40 nínú ọgọ́rùn-ún, oògùn aláìnínǹkan kò sì ṣe nǹkan kan.

Owó oògùn tuntun méjèèjì ga ju ohun tí ará Ìbàràpá lè máa san lóṣooṣù lọ. Ẹni tó bá ní ẹbí lókè òkun tó fẹ́ ra irú rẹ̀ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ àti hepatitis B, kó dá àgbo mímu dúró, kó sì ní dókítà tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ bó bá jẹ́ pexidartinib. Bí wọ́n bá sì dá oògùn dúró, kókó lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú CSF1 jáde ṣì wà níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ abẹ ṣì fi jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí à ń bá sọ̀rọ̀ ní UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Oríta Mẹ́fà n'Íbàdàn, tàbí ní ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì l'Ékòó. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n á máa pe aláìsàn padà fún ọdún bíi mélòó kan, torí àrùn náà lè padà lẹ́yìn ọdún kejì tàbí ìkarùn-ún. MRI tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á máa fi èyí tó tẹ̀lé e wé, nítorí náà CD àkọ́kọ́ yẹn kò gbọ́dọ̀ sọnù. Bí orúnkún bá tún wú kí ọjọ́ ìpè tó pé, kí onítọ̀hún padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é, pẹ̀lú ìwé èsì ẹran ara rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n tó fa ẹ̀kán omi kan kúrò níbẹ̀.